Bí a ṣe lè fi àwọn ọ̀dọ́ sídìí iṣẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọdé ní àdúgbò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ìbàdàn, agbègbè Bẹẹrẹ ni mo sì ń gbé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa jọ kí wọ́n lè máa polongo ẹ̀tọ́ ọmọdé, kí wọ́n sì máa dáàbò bo àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ. Àwọn àgbà kan ti ń sọ pé ńṣe ni a fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àfojúdi. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, báwo ni a sì ṣe lè ṣe é tí kò fi ní parí sí ìwọ́de ọjọ́ kan ṣoṣo?

Ìdáhùn: Mo kí yín, mo sì kí àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì. Iṣẹ́ méjì ni ẹ so mọ́ra nínú ìbéèrè yín, ó sì yẹ kí a tú wọn sọ́tọ̀ kí a tó lọ jìnnà. Ìpolongo ẹ̀tọ́ ọmọdé ni èkíní. Ọ̀dọ́ lè ṣe aṣíwájú níbẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣe é dáadáa ju àwa àgbà lọ. Ìdáàbòbò ọmọ tí ìyà ń jẹ ni èkejì. Ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí ìyà náà, òun ni ọmọ náà sì sábà máa ń kọ́kọ́ finú hàn, ṣùgbọ́n ewu tí ó wà nídìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àgbà ni ó gbọ́dọ̀ gbé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tí mo ti rí tí wọ́n tú ká, ohun tí ó tú wọn ká ni pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí sódì: àgbà gba gbohùngbohùn mọ́ ọ̀dọ́ lọ́wọ́ nígbà ìpolongo, wọ́n sì fi ọ̀dọ́ nìkan sílẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ dé.

Ẹ óò nílò òfin lọ́wọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan ohun tí ó wí. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọ, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1989, tí orílẹ̀-èdè wa sì tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 1991, sọ ní abala 12 pé ọmọ tí ó bá ti lè dá ronú ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀ lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá kàn án, kí a sì ka èrò náà sí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ti tó. Abala 15 fún un ní ẹ̀tọ́ láti bá àwọn ẹlòmíràn pé jọ ní ẹgbẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tirẹ̀ ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Lójú òfin ìjọba àpapọ̀ yìí, ọmọ ni ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18. Ní ti ọ̀dọ́, ìlànà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ tí ó jáde ní ọdún 2019 ní ẹni ọdún 15 sí 29 ni. Ẹ ó rí i pé ẹni ọdún 15, 16 àti 17 wà níhà méjèèjì: ọ̀dọ́ tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ ni, ọmọ tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé èyí, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé e lórí.

Ní ti àfojúdi tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn, ẹ má sì ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Àdéhùn mìíràn wà lórí ẹ̀tọ́ àti ire ọmọ (African Charter on the Rights and Welfare of the Child), tí àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wọn ṣe ní ọdún 1990, tí Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 2001. Àdéhùn náà yàtọ̀ sí ti àgbáyé ní ti pé abala 31 rẹ̀ ka ojúṣe ọmọ: kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣọ̀kan ẹbí rẹ̀, kí ó máa bọ̀wọ̀ fún àwọn òbí àti àgbà nígbà gbogbo, kí ó sì máa ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ kan náà wà ní abala 19 òfin ọdún 2003. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí ó dán mọ́rán, kí ẹ sì mú un lọ bá Mọ́gàjí agboolé tí ó tóbi jù ní àdúgbò yín, bá ìyálọ́jà, bá ìmáàmù àti pásítọ̀, kí ẹ kà á sí wọn létí kí ẹ tó pe ọ̀dọ́ kankan jọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé kí ni ó ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an. Ní ìrírí tèmi, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọmọ yóò lọ fi òbí sun ọlọ́pàá nítorí pé òbí rán an níṣẹ́. Ẹ fi dá wọn lójú pé òfin kò sọ pé kí ọmọ má jẹ́ iṣẹ́ ilé. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ọmọ léṣe, tí ó sì ń gba ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ni òfin ń bá wí. Bí wọ́n bá sì pa á lówe fún yín pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ẹ gbà fún wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rọra fi kún un pé ohun tí ọmọ fojú rí lọ́nà ilé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀ òní kò sí nínú àkísà ẹnì kankan.

Nígbà tí ẹ bá wá kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ẹ má tíì yan ìṣòro fún wọn. Níbí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Ní àdúgbò kan ní ìgboro Ìbàdàn tí mo ti bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí, àwa àgbà ti pinnu nílé pé ìkiri ọjà ni a ó gbógun tì. A fún àwọn ọmọ náà ní kádíbọ́ọ̀dù ńlá àti bírò aláwọ̀ oríṣiríṣi, a ní kí wọ́n ya àdúgbò wọn sórí rẹ̀: ilé, ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ẹ̀kọ́, àti gbogbo ọ̀nà àbùjá tí wọ́n ń gbà. A ní kí wọ́n fi àwọ̀ ewé kun ibi tí ọkàn wọn ti ń balẹ̀, kí wọ́n sì fi pupa kun ibi tí àyà ti ń já wọn. Tọkùnrin tobìnrin ni a pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọkùnrin kun ibùdókọ̀ àti ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní pupa, a sì retí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kun ẹ̀rọ omi. A rò pé wọ́n ṣèèṣì ni, àfi ìgbà tí a bi wọ́n, tí ọ̀kan nínú wọn, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ṣàlàyé pé aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń ṣí ẹ̀rọ náà, pé òkùnkùn ṣì máa ń kùn nígbà náà, àti pé ọmọbìnrin tí ó bá gbà kí ọkùnrin tí ó ń mójú tó o fọwọ́ pa òun lára ni yóò kọ́kọ́ pọnmi. Èyí tí kò bá gbà yóò dúró sórí ìlà títí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ọn. Ojoojúmọ́ ni àwa àgbà ń gba ibi ẹ̀rọ náà kọjá, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ nínú wa.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe pín níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n rí i, àwọn náà ni wọ́n dábàá ohun tí wọ́n fẹ́: kí wọ́n máa ṣí ẹ̀rọ nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí wọ́n tún ṣí i nírọ̀lẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ obìnrin. Méjì nínú wọn, pẹ̀lú àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ni wọ́n gbé àbá náà lọ sí ìpàdé àwọn lańlọ́ọ̀dù, wọ́n sì gbà fún wọn. Ní ti ọkùnrin náà, a kò jẹ́ kí ọmọ kankan lọ kò ó lójú. Àwa àgbà ni a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ìkiri ọjà tí a ti fi sọ́kàn tẹ́lẹ̀, ipò kẹta ni àwọn ọmọ fi í sí, wọ́n sì ṣàlàyé pé owó tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ń rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ìwé, nítorí náà bí a bá fẹ́ kí àwọn fi í sílẹ̀, kí a wá ọ̀nà ìwé. Ìdáhùn yìí mú kí a tún gbogbo ètò wa tò.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ óò yàn. Ó máa ń rọrùn láti mú olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Ọmọ tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń sọnù jù kì í sábà sí nínú wọn. Ẹ wá ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, àwọn onídìrí àti àwọn mẹkáníìkì. Ẹ wá ọmọ tí ó ń kiri ẹ̀pà ní Ọjà Ọba. Ẹ wá ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Ẹ wá ọmọ tí ó jẹ́ aláàbọ̀ ara, kí ẹ sì rí i pé ó lè wọ yàrá tí ẹ ń lò. Bí ẹ bá ti lè dé Sábó, ẹ wá àwọn ọmọ Hausa náà. Ọmọ iṣẹ́ kò lè wá bí ọ̀gá rẹ̀ kò bá yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí náà ẹ lọ bá alága ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà ṣáájú, kí ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa parọ́ nítorí ìpàdé yín, kí ó má sì di pé ọ̀gá fi ọ̀rọ̀ yín há fírídọ̀mù rẹ̀ mọ́ ọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó sábà máa ń rọ gbogbo wọn lọ́rùn. Kí ìpàdé jẹ́ ní Yorùbá. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tí ó jókòó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nígbà tí a ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì di agbẹnusọ gbogbo wọn nígbà tí a yí èdè padà.

Roger Hart, ẹni tí ó kọ̀wé lórí ìkópa ọmọdé fún UNICEF ní ọdún 1992, to ìkópa náà sí ìpele mẹ́jọ bí àkàsọ̀. Ó ní mẹ́ta tí ó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ìkópa rárá: kí a fi ẹnu ọmọ sọ ọ̀rọ̀ àgbà, kí a fi ọmọ ṣe ọ̀ṣọ́, àti kí a fi ọmọ kan jókòó láàárín àgbà láìsí pé ẹnikẹ́ni ka ohun tí ó bá sọ sí. Ẹ wo ọ̀pọ̀ ayẹyẹ Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, níbi tí ọmọ ti máa ń ka ìwé tí àgbà kọ fún un, tí òun fúnra rẹ̀ kò lè túmọ̀. Mo máa ń fi oyè Ìbàdàn ṣàlàyé àwọn ìpele yòókù: ẹnì kan kì í ti ojú ọ̀nà bọ́ sórí àpèrè Olúbàdàn, ipò Mọ́gàjí ni ó ti ń gòkè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ yín bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n, kí wọ́n dé ibi tí ẹ ti jọ ń pinnu, títí wọn yóò fi máa dá ètò tiwọn sílẹ̀, tí ẹ̀yin yóò sì máa tì wọ́n lẹ́yìn. Hart kò sọ pé òkè pátápátá ni kí ọmọ wà nígbà gbogbo, èmi náà kò sì rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo tẹnu mọ́ ni pé kí wọ́n mọ ibi tí àṣẹ wọn dé, kí ẹ má ṣe ṣèlérí èyí tí ẹ kò ní mú ṣẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọ tálákà kò lè gbé irú nǹkan báyìí ró, ẹ sọ ìtàn àwọn ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún un. Ní ọdún 1994, àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ jẹun, lára wọn àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, pàdé ní ìlú Bouaké ní Ivory Coast, wọ́n sì fẹnu kò lórí ẹ̀tọ́ 12 tí àwọn fúnra wọn yàn. Ẹ̀tọ́ láti kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ láti sinmi nígbà àìsàn, láti mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, láti ṣiṣẹ́ níbi tí kò séwu, láti wà ní abúlé ẹni láìsí pé a fipá kó ẹni lọ sí ìlú ńlá, àti láti rí ẹni tí yóò gbọ́ tẹni. Ìgbìyànjú náà tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Èyí tí ó wú mi lórí jù nínú rẹ̀ ni bí ẹ̀tọ́ wọ̀nyẹn ṣe fara mọ́ ìgbésí ayé wọn. Agbẹjọ́rò tí ó jókòó sí ọ́fíìsì kò ní rántí ẹ̀tọ́ láti sinmi nígbà àìsàn, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ kò lè gbàgbé rẹ̀.

A dé orí ìdáàbòbò wàyí, níbi tí mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra gidigidi. Bí ọmọ kan bá finú han ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yín pé ẹnì kan ń fipá bá òun lò pọ̀, tàbí pé alágbàtọ́ ń fi irin gbígbóná jó òun, kí ni ọ̀dọ́ náà yóò sọ? Ẹ kọ́ wọn ní gbólóhùn tí wọ́n lè há sórí, kí ẹ sì fi ṣe eré láàárín ara yín títí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu: “Mo gbọ́ ọ. O ṣeun tí o sọ fún mi. Ẹ̀bi rẹ kọ́. Mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ nìkan ni màá sọ fún.” Kí ó dákẹ́ síbẹ̀. Kí ó má bi ọmọ náà ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá, kí ó má ya fọ́tò, kí ó má sọ ọ́ lórí WhatsApp, kí ó má sì lọ bá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ máa ń gbóná, pé wọn yóò fẹ́ kan ilẹ̀kùn onílé náà lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ohun tí ó sì sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé ilẹ̀ kò ní mọ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ náà lọ sí ìlú mìíràn, a kò sì ní rí i mọ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọ̀dọ́ náà sọ fún àgbà méjì tí gbogbo ẹgbẹ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ obìnrin. Láti ìgbà náà lọ, ẹrù àgbà ni: ọ́fíìsì wẹ́líféà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin ní Sẹkitéríàtì Agódi, tàbí ọlọ́pàá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n kó wá láti ìlú mìíràn láti fi ṣòwò, ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, lórí 627. Bí ó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kíá, bíi UCH tàbí Adéọ̀yọ́, kí wákàtí 72 tó kọjá, nítorí pé oògùn tí ó ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Kí ọmọ náà má tíì wẹ̀, kí ẹ sì di aṣọ tí ó wọ̀ sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá. Bí ó bá ti ju wákàtí 72 lọ, ẹ ṣì gbé e lọ. Àwọn ẹbí lè ní kí a parí rẹ̀ nílé, kí ọkùnrin náà fi owó tọrọ àforíjì. Ẹ má gbà. Abala 31 òfin ọdún 2003 fi ẹ̀wọ̀n gbére sí ẹnikẹ́ni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀, kò sì sí ìdílé tí ó lè fi owó pa ẹ̀ṣẹ̀ náà rẹ́.

Ẹ dáàbò bo àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú. Nítorí pé ọmọbìnrin ọdún 15 àti ọkùnrin ọdún 27 lè jókòó sí ìpàdé kan náà, ẹ kọ ìlànà sílẹ̀, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i: kí àgbà kan má wà níbi kọ́lọ́fín pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo, kí ó má máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ ní ìkọ̀kọ̀, kí a gba ìwé àṣẹ òbí, kí a sì gba ti ọmọ náà fúnra rẹ̀, nítorí ọmọ lè kọ̀ bí òbí rẹ̀ tilẹ̀ gbà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó èrò jọ, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Baṣọ̀run ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí ọmọ 35 kú nínú ìtẹ̀pa níbi tí a pè wọ́n sí láti wá ṣe fàájì. Ọkàn mi kì í gbà kí n gbọ́ ètò ọmọdé kankan láti ọjọ́ náà kí n má bèèrè iye ẹnu ọ̀nà tí ó wà, iye ọmọ tí a pè, àti ẹni tí ó ń kà wọ́n wọlé. Ìpàdé kéékèèké lọ́pọ̀ ìgbà sàn ju ìkórajọ ńlá kan lọ, ó sì ń so èso jù.

Ọ̀rọ̀ ìpolongo kò ní gùn lẹ́nu mi, àwọn ọ̀dọ́ yín yóò mọ ọ̀nà rẹ̀. Eré ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú ọjà, orin tí wọ́n fúnra wọn kọ, ètò Yorùbá lórí rédíò níbi tí wọ́n ti ń dáhùn ìpè àwọn ará ìlú, gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, tí í ṣe Ọjọ́ Ọmọ Áfíríkà, bá irú iṣẹ́ yín mu ju 27 oṣù Karùn-ún lọ, nítorí pé ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Soweto ni, tí wọ́n jáde ní ọdún 1976 láti tako ẹ̀kọ́ tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà (apartheid) ilẹ̀ South Africa fẹ́ fipá kọ́ wọn ní èdè Afrikaans, tí a sì yìnbọn fún wọn. Ẹ ṣáà má fi ojú tàbí orúkọ ọmọ tí ìyà jẹ síbi kankan, ì báà jẹ́ láti fi tọrọ ìrànlọ́wọ́.

Ohun kan ṣẹ́kù tí àwọn ẹgbẹ́ sábà máa ń fojú fò. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá gbé àbá lọ sọ́dọ̀ àgbà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ èsì, ì báà jẹ́ rárá, kí wọ́n sì gbọ́ ìdí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń mójú tó àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọ kọ èyí sílẹ̀ ní ọdún 2009 mọ́ àwọn ohun tí ìkópa ọmọ kò gbọ́dọ̀ ṣaláì ní, pẹ̀lú pé kí ó tinú ọmọ wá, kí ó má sì fi í sínú ewu. Ẹ ra ìwé ńlá kan, kí ọ̀dọ́ kan máa kọ ọjọ́, ohun tí wọ́n bèèrè, ẹni tí wọ́n bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àti èsì tí ó fún wọn. Kí ìwé náà má ṣe ní orúkọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ ìyà kàn. Èyíinì gbọ́dọ̀ wà ní títì pa lọ́dọ̀ àwọn àgbà méjì tí mo sọ. Nítorí pé ọ̀dọ́ ń dàgbà, tí wọ́n ń gba fírídọ̀mù, tí wọ́n ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí ó ń darí mú ẹnì kan tí ó kéré sí i mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni náà máa bá a lọ sí gbogbo ìpàdé, kí ó sì máa kọ sínú ìwé náà pẹ̀lú rẹ̀.